Tírélà ni mò ń wà ní Dallas, bàálù ni mo fẹ́ wà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ArìnÒru_Dallas
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìla ẹnu, ó wá di dandan kí n sọ tèmi. Ọmọ Ìkirè ni mí, ẹni ọdún 34. Tírélà ni mò ń wà, Dallas ni mò ń gbé, mo ní green card, ìyàwó mi ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ wa sì jẹ́ méjì.

Bí mo bá ti ń gbẹ́rù kọjá lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú DFW lóru, tí mo rí bí àwọn bàálù ṣe tò tẹ̀léra lójú ọ̀run bí ìlẹ̀kẹ̀, tí iná wọn ń kọ mọ̀nà, n kì í rántí ẹrù tó wà lẹ́yìn mi mọ́. Mo fẹ́ wa irú àwọn ńlá wọ̀nyẹn. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bí ẹnì kan bá ní ọdún méjì ni, ẹlòmíì á ní mẹ́wàá. Ẹnì kan á ní $40,000, èkejì á ní $150,000. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tiẹ̀ ti pè mí, wọ́n ní bí mo bá san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà kí oṣù tó parí, àwọn á bá mi ge $6,000 kúrò níbẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n má fọwọ́ kan kọ́bọ̀ títí màá fi bi àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Àbí mo ti dàgbà jù?

Àga_Ọ̀tún
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má san owó yẹn o.

Igbákejì awakọ̀ ni mí ní ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń bá àwọn ńlá gbé èrò. Ó di ọdún kẹta báyìí tí mo ti ń jókòó sí àga ọ̀tún. Kí ẹ tó ronú owó rárá, ẹ lọ rí dókítà. Dókítà ilé yín kọ́, kì í sì í ṣe èyí tó ń yẹ ẹ̀yin onítírélà wò fún DOT, iléeṣẹ́ ètò ìrìnnà. Èyí tí FAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso bàálù ní Amẹ́ríkà, fún láṣẹ ni, AME ni wọ́n ń pè é. First class medical, ìwé ìlera tó ga jù fún awakọ̀ bàálù, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ kò bá tíì pé 40, ọdún kan ló máa lò. Tí ẹ bá ti pé 40, oṣù mẹ́fà mẹ́fà lẹ ó máa padà lọ.

Mo mọ arákùnrin kan tó ti ná $30,000 kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò yìí. Oògùn kan tí wọ́n fún un nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí kò rí oorun sùn, ni FAA rí tí wọ́n fi dá ìwé rẹ̀ dúró. Oṣù 14 ló fi ń kó èsì àyẹ̀wò lọ síwá sẹ́yìn. Ó padà rí ìwé náà gbà, ṣùgbọ́n èlé bánkì kò dúró dè é.

Ẹ tún fetí sí èyí: kí ẹ tó jókòó fún àyẹ̀wò gan-an, ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà náà sọ̀rọ̀ lásán, kódà bí ẹ bá sanwó fún un. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, bí ẹ bá ń hanrun lóru, oògùn tí ẹ ń lò. Torí tí àyẹ̀wò bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, nǹkan mẹ́ta péré ló lè ṣe: kó fún yín níwèé, kó fi dù yín, tàbí kó ti ọ̀rọ̀ náà sí FAA lọ́wọ́. Ẹ má sì purọ́ nínú fọ́ọ̀mù yẹn o, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀.

Ní ti ọdún mélòó, ẹni tó ní méjì kò purọ́, ẹni tó ní mẹ́wàá náà kò purọ́. Láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́ ni private. Lọ́nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà, òfin ní wákàtí 40 fífò ló kéré jù, ṣùgbọ́n n kò tíì fojú kan ẹni tó fi 40 parí rẹ̀. 68 ni èmi fi gbà á. Ẹ lè fi gbé ìyàwó àti ọmọ fò, ẹ kò lè fi gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èrò. Instrument ló tẹ̀ lé e, ìyẹn ni wíwa ọkọ̀ nínú ìkùukùu tí ẹ kò rí ìta rárá, tó jẹ́ pé àwọn aago iwájú yín nìkan lẹ ó gbà gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni commercial: wákàtí 250 tí ẹ bá kọ́ ọ lábẹ́ Part 61 (òfin fún ẹni tó ń kọ́ ọ bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn), 190 tí ó bá jẹ́ Part 141 (ilé-ẹ̀kọ́ tí FAA fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀). Láti ibẹ̀ lọ, wọ́n lè sanwó fún yín. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń gbé èrò kò ní wojú yín títí ẹ ó fi ní wákàtí 1,500, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 23, èyí tí ẹ ti kọjá tipẹ́. Àárín 250 sí 1,500 yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọnù sí.

Wọ́n ń yọ nínú 1,500 yẹn fún ẹni tó bá kàwé gboyè nípa iṣẹ́ bàálù ní yunifásítì tí FAA fọwọ́ sí: 1,000 ni tiwọn. Ológun tó ti wa bàálù, 750.

Ẹja_Ńbákàn
1,500! Ta ló bá wọn mú iye yẹn wá? Ibi tí mo wà ní Jámánì, àwọn ọmọ ọdún 22 tí kò ní ju 200 lọ ló ń gbé wa kiri.

Bàbá_Àtijọ́
Ìjàǹbá ló bí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 2009, bàálù Colgan Air kan já lé ilé kan nítòsí Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York. Èèyàn 49 tó wà nínú rẹ̀ kú, ẹnì kan sì kú nínú ilé náà. Àwọn mọ̀lẹ́bí wọn kò jẹ́ kí àwọn aṣòfin rímú mí. 2010 ni òfin jáde, 2013 ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tó ń jókòó sí àga ọ̀tún. Tẹ́lẹ̀, 250 ti tó wọn. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé awakọ̀ méjèèjì inú bàálù yẹn ló ti kọjá 1,500. Àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn lórí òfin náà dòní.

Ìyá_Àgbà_Maryland
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí. Ọmọ mi ọkùnrin ni, 2021. A san $58,000 lẹ́ẹ̀kan náà fún ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, torí pé wọ́n ní àwọn á yọ díẹ̀ fún wa, bí wọ́n ṣe sọ fún yín yìí gẹ́lẹ́. Ọmọ mi lo nǹkan bíi $19,000 nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó débẹ̀ láàárọ̀, ó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké náà ṣì wà nínú pápá, ó ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn wáyà. Wọ́n ní àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ ní gbèsè ló ti gba gbogbo rẹ̀. Títí di òní, $1,100 ni lọ́yà bá wa gbà padà.

Ọmọ mi kò pa á tì, ó ti di olùkọ́ ní Ohio báyìí. Èmi ni n kò tíì gbàgbé. Ẹ má fi ju $2,000 sílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ fò, ẹ san ti ọjọ́ náà, ẹ máa lọ sílé.

SáréGbà
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mà, ẹ ń dẹ́rù ba ọkùnrin yìí. Ní iṣẹ́ yìí, ọjọ́ tí èèyàn wọlé ni gbogbo nǹkan. Kó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi bí oṣù mẹ́jọ parí rẹ̀, kó yá owó, kó wọlé kíá. Tó bá ní òun fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀, tó ń fò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ohun tó kọ́ lọ́sẹ̀ yìí ni yóò tún padà sanwó kọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọdún márùn-ún á kọjá.

Àga_Ọ̀tún
Òótọ́ wà lẹ́nu SáréGbà níbi ọjọ́ ìwọlé. Ẹ̀gbọ́n, bí ìyàwó ṣe ń wọlé ọkọ ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyáálé, kódà bí ìyàwó kejì bá jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ìyáálé ló máa kọ́kọ́ mú: bàálù tó fẹ́ wà, ìlú tó fẹ́ fi ṣe ibùdó, Kérésìmesì tó fẹ́ lò nílé. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni tiwa. Tí ilé-iṣẹ́ bá sì fẹ́ dín èèyàn kù, láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un. Èyí tó wá dùn mí jù: tí ẹ bá ti ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, kódà kí ẹ ti fi 20 ọdún jẹ́ ọ̀gá awakọ̀, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé lẹ tún dà. Ọdún 65 ni òfin ní kí gbogbo wa kúrò, nítorí náà ẹni ọdún 34 ṣì ní iṣẹ́ ọdún tó pọ̀ níwájú. Ẹ kò tíì dàgbà.

Lílọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò dáa lóòótọ́. Ẹ kó owó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè máa fò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láìdúró, kí ẹ fi gba private. Lẹ́yìn náà ẹ dúró kó ti instrument jọ.

Ṣùgbọ́n SáréGbà, dákun, mélòó lò ń san lóṣù lórí owó tí o yá?

SáréGbà
$1,480.

Ìyá_Àgbà_Maryland
Ta ni onídùúró rẹ?

SáréGbà
Àbúrò bàbá mi ni, mà. 2023 ni mo parí, gbogbo ilé-iṣẹ́ bàálù ṣì ń gbani bí ẹni gbá ilẹ̀. Nígbà tí mo fi máa pé 1,500 ní 2024, wọ́n ti fa ọwọ́ sẹ́yìn. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi jókòó. Oṣù méjì níbẹ̀, àbúrò bàbá mi yẹn ni bánkì ń pè lọ́jọ́ iṣẹ́ wọn. Ó dáa, mo ti gbọ́.

Adé_Ojú_Sánmà
Ẹ kú ìjíròrò. Obìnrin ni mí, mo ń kọ́ni wa bàálù ní Florida, mo ti ní wákàtí 1,140. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àárín 250 sí 1,500 tí wọ́n ní èèyàn ń sọnù sí, torí ibẹ̀ ni mo wà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gba láísẹ́ǹsì olùkọ́, a ń fi ẹ̀kọ́ ẹlòmíì kó wákàtí jọ. Àwọn mìíràn ń fa àsíá ìpolówó létí òkun, wọ́n ń gbé àwọn tó ń bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn ńlá, tàbí kí wọ́n máa fò lókè páìpù epo rọ̀bì láti wò bó bá ń jò. Lọ́dún àkọ́kọ́, owó tí mo gbà kò tó ìdajì ohun tí mo mọ̀ pé tírélà ń pa. Ẹ sọ èyí fún ìyàwó yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má di ìjà.

Iṣẹ́ sùúrù ni. Láàárọ̀, kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó gun ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ fa epo díẹ̀ láti abẹ́ apá bàálù sínú ife kan tó mọ́ gara, kó gbé e sókè sí oòrùn. Epo náà máa ń dà bí aró tí wọ́n fi omi là. Omi wúwo jù ú, ìsàlẹ̀ ife ló máa ń rọ̀ sí. Lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọmọ mi kan ń kánjú, ó fà á, ó dà á nù láìwò ó. Mo ní kó tún un fà. Ìlẹ̀kẹ̀ omi mẹ́ta ló ń yí kiri nísàlẹ̀ ife. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la fà á kó tó mọ́. Bí omi yẹn bá dé inú ẹ́ńjìnnì nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, n kì bá tí máa tẹ̀wé yìí.

Ẹ má bẹ̀rù rédíò. Àwọn tó ń darí bàálù láti orí tówà kò níjà pẹ̀lú ohùn Ìkirè. Wàhálà tiwa ni pé a máa ń kí èèyàn tán kí a tó sọ ohun tí a bá wá. Ẹni tí ẹ ń pè, ẹni tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ fẹ́: ó tán. Ẹ má bi wọ́n pé ilé ńkọ́. Oṣù kan gbáko ni mo fi jáwọ́ nínú sísọ "good morning sir" kí n tó dárúkọ ọkọ̀ mi.

Ẹ má sì jẹ́ kí olùkọ́ kankan tì yín síwájú aṣèdánwò kí ẹ tó ṣetán. Ìdánwò tí ẹ bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀ kì í parẹ́ nínú ìwé yín, ilé-iṣẹ́ á sì béèrè. Ẹ̀ẹ̀kan kò pa ẹnikẹ́ni. Tó bá di mẹ́ta, mẹ́rin, ẹnu á máa wúwo níwájú wọn.

SójàTẹ́lẹ̀
Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ológun, GI Bill, owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń fún ológun, lè san púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ bàálù lásán, kò ní san ti private. Àpò ara mi ni mo fi gba ìyẹn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ìyókù.

Ọmọ_Bódìjà
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Ìbàdàn ni mo wà. Ṣé èmi náà lè wá kọ́ ọ níbẹ̀, kí n sì ríṣẹ́ ní Delta tàbí United?

Físà_M1
Àbúrò, ọ̀nà tí mo gbà nìyẹn, jẹ́ kí n má tàn ọ́. Kíkọ́ ṣeé ṣe nígbà tèmi, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà ní físà náà báyìí. Físà M-1 ni púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bàálù ń gbà fún àlejò, díẹ̀ nínú wọn ń ṣe F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. TSA, àjọ ààbò ìrìnnà Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ yẹ̀ ọ́ wò, wọ́n á tẹ ìka rẹ, kí wọ́n tó gbà kí o bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀kùn ti ń tì ni iṣẹ́. M-1 kò fún ọ láyè láti ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, oṣù mẹ́fà ló pọ̀ jù. Kò sí bí o ṣe lè fi ìyẹn kó 1,500 jọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì fẹ́ ẹni tó ti ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Èmi gba commercial mi, mo padà sílé, mo lọ sọ ọ́ di ti NCAA, àjọ bàálù Nàìjíríà, Èkó ni mo ti ń fò báyìí. N kò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ká ní mo mọ̀ ni, ilé-ẹ̀kọ́ bàálù Zaria ni mo bá lọ, tàbí ti Ìlọrin tó sún mọ́ ilé.

ArìnÒru, ẹ̀yin tí ẹ ní green card náà, ẹ má rò pé ti TSA kò kàn yín. Ó kàn yín. Ẹni tó bá ti di ọmọ onílùú nìkan ló ń fi páásípọ́ọ̀tù hàn tó ń kọjá.

Bàbá_Àtijọ́
Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá rìn. OBAP, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nínú iṣẹ́ bàálù, wà láti 1976. Wọ́n ń fún ọmọ ní owó ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fi í mọ ẹni tó ti wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ní Sisters of the Skies. Ẹ̀yin òbí, ẹgbẹ́ EAA ń gbé ọmọ ọdún 8 sí 17 fò lọ́fẹ̀ẹ́, Young Eagles ni wọ́n ń pè é. Ọmọ-ọmọ mi ti lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má gbàgbé ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn náà. Marlon Green ti wa bàálù fún ológun òfuurufú Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ bàálù Continental kò gbà á torí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ gíga jù lọ, ó jàre lọ́dún 1963. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni American Airlines gba David Harris, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, láti wa bàálù.

Àga_Ọ̀tún
Ẹ̀gbọ́n ArìnÒru, ó ku owó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tí ẹ ó di olùkọ́, ẹ ka $100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ sí i lọ́kàn ní ilé-ẹ̀kọ́ oníkíákíá. Tí ẹ bá ń san án díẹ̀díẹ̀ ní pápá kékeré, ó lè dín púpọ̀. Nítòsí yín, ẹ wo Grand Prairie, Denton, Mesquite. Ẹ débẹ̀ ní Sátidé, ẹ kà iye ọkọ̀ tó ń fò àti iye tó ti kú sílẹ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì.

Ní ti owó oṣù, kó tó di 2022 ojú ń ti àwa ọmọ tuntun láti sọ ọ́. Lọ́dún náà ni Envoy, Piedmont àti PSA, ilé-iṣẹ́ kéékèèké bíi tèmi, gbé tiwọn dé nǹkan bíi $90 fún wákàtí kan, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Wákàtí tí bàálù ń rìn ni wọ́n ń kà o. Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi máìlì sanwó fún, ó yẹ kó tètè yé yín. Sísùn níta náà kò ní ṣàjèjì sí yín.

ArìnÒru_Dallas
Mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. N kò san owó yẹn. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin, nígbà tó yá wọ́n dákẹ́.

Mo lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ lásán bí ẹ ṣe wí, lẹ́yìn náà mo ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ mi kọ́kọ́ jẹ́ 158 lókè. Ó ní FAA kò gbà ju 155 lé 95 lọ. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ ní yàrá kan fún ogún ìṣẹ́jú, kí n má fọwọ́ kan fóònù. Ó padà wọ̀n ọ́n, ó di 138. Ó tún gbé mi síwájú kọ̀ǹpútà kan láti mọ̀ bóyá mo mọ àwọ̀ yàtọ̀. Ìwé ti wà lọ́wọ́ mi. TSA náà ti dáhùn.

Mo wá lọ tọ́ fífò wò ní Grand Prairie, bàálù kékeré Cessna 172, $189. Ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn, ó di bẹ́líìtì mú bí ẹni di ọmọ mú. Olùkọ́ ní kí n máa wà á lọ lórí ilẹ̀. Mo fọwọ́ mú sítíárìn, mo yí i sọ́tùn-ún bí mo ṣe ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án. Bàálù ń lọ tààrà síbi koríko. Mo tún un yí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já a. Olùkọ́ tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọkọ̀ yí. Ẹ̀yin ará, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ nílẹ̀! Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí a fi gbéra. Lókè, olùkọ́ yọwọ́, ó ní ọwọ́ mi ló kù. Mo rí òpópónà 20 nísàlẹ̀, àwọn tírélà ń rákò bí èèrà.

Sátidé yìí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. $2,000 ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, Ìyá Àgbà.

Ìyá_Àgbà_Maryland
Ẹ gba rìsíìtì.

Àga_Ọ̀tún
Bàtà wo lẹ wọ̀ lọ́jọ́ yẹn?

ArìnÒru_Dallas
Bàtà iṣẹ́ mi, èyí tó ní irin lórí ọmọ ìka.

Àga_Ọ̀tún
Ẹ fi í sílé. Ẹ wọ èyí tí atẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́.